Ilé Tí Etí Dídi Ti Jẹ́ Ayọ̀

Bí mo ṣe wọlé ọkọ ní Ìwó, ìjà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n sìn mí wá láti Ilé-Ogbó, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn bàbá ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń to irin jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀dẹ, mo kí wọn pé ẹ káàárọ̀. Wọn ò dáhùn. Mo tún wọn kí. Wọ́n ń to irin wọn lọ. Mo dìde, mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Nílé tiwa, àgbà tí ọmọdé bá kúnlẹ̀ kí tí kò dáhùn, ó ń bínú ni, ó sì yẹ kí ọmọ náà béèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́. Mo ronú títí, n kò rí ohun tí mo ṣe. Ara mi gbóná. Mo ń sọ fún ara mi pé bí wọn kò bá fẹ́ mi, kí wọ́n tètè wí, kí n gbẹ́rù mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi kí oòrùn tó mú.

Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló bá mi nídìí ààrò níbi tí mo ti fajú ro. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bínú sí mi. Ó ní nínú ilé yìí, a kì í ti ẹ̀yìn kí ọkùnrin. Ńṣe ni kí n fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀, kí n wá yí síwájú, kí wọ́n lè rí ẹnu mi. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní ṣebí alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Mo kọ́ ọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Gbogbo ayé ló ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n nílé wa kì í ṣe òwe, bí a ṣe ń gbé ilé nìyẹn. Àwa obìnrin ibẹ̀ máa ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń tajà lọ́jà fi máa ń sọ pé àwọn ti mọ̀ pé à ń bọ̀ kí a tó yọ. Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Ilé-Ogbó, wọ́n ní ta ni mò ń bá jà. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ọkọ mi kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìdílé ìyá rẹ̀ ní Kuta ló ti dàgbà, oko ló ń ro níbẹ̀, ìgbà tó di géńdé ni bàbá rẹ̀ tó ránṣẹ́ pè é pé kó wá kọ́ iṣẹ́ ilé. Etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Ẹnu tèmi sì mú. Bí mo bá ń lọ ata, tí mò ń kùn sínú nípa àwọn ará ilé rẹ̀, inú yàrá ni yóò ti máa dá mi lóhùn, yóò ní òun gbọ́ o, òun yóò sọ fún wọn. A ó wá jọ bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀rín yẹn, n kò tijú láti sọ ọ́. Nínú ilé tí mo ti ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́, òun nìkan ni mo lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí.

Àsìkò náà ni àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà ojú irin bọ̀ láti Ìbàdàn. Díígà tó ti kú lẹ́nu, irin tí wọ́n fi ń lu ihò sínú òkúta, àáké tó ti ya, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá sí àgbẹ̀dẹ wa kí a bá wọn rọ ọ́. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Bàbá ọkọ mi bá ní kò yẹ kí irú àgbẹ̀dẹ báyìí máa wà lábẹ́ koríko mọ́. Wọ́n ṣí koríko náà kúrò, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì fi amọ̀ mọ ògiri yí i ká kí òjò má baà máa fẹ́ sí irin. Òun ni páànù àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn ń yà wá wò ó. Èmi náà ń gbéra ga lọ́jà bí ẹni pé èmi ni mo kan páànù náà mọ́ igi.

Ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí orí àgbẹ̀dẹ jẹ́ koríko tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, bí òòlù bá dún, ohùn rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Lábẹ́ páànù, ó ń kọ lu orí, ó ń kọ lu ògiri, àwọn tó lù ú náà ló ń padà wá bá. Gbogbo wọn ló sì jọ ń lù pọ̀ nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́rùn wọn. Tí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún wọn, eyín mi á máa gbọ̀n. Tí mo bá jáde, nǹkan á máa han tííín nínú etí mi títí n ó fi fọ abọ́ tán. Mo sọ fún ìyálé mi, ó ní yóò mọ́ mi lára.

Ọdún Ògún wá dé. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń dán ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ dójú àmì wò nílé wa. Kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ Ìwó ló ń ṣe é o, ti ilé wa ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò á dúró nídìí owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé lórí, á gbé òòlù sókè. Àgbà ilé, tí í ṣe bàbá ọkọ mi, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á rọra pe oríkì rẹ̀. Tí ó bá yíjú, kò tíì tó, ó di ọdún mìíràn. Tí kò bá yíjú, ó ti gbà á nìyẹn, ó di ọ̀gá, wọn á fún un ní owú tirẹ̀. Obìnrin kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà ni a ti ń wò wọ́n lókèèrè.

Mo rí i tí ọkọ mi gbé òòlù sókè. Mo rí i tí bàbá rẹ̀ ń mi ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi kò mira. Àwọn ọkùnrin bú sáyọ̀, wọ́n gbé e, èmi náà jó wọ àárín àwọn obìnrin ilé. Mo ti jó dáadáa kí n tó bi ìyálé mi pé irú ìfarabalẹ̀ wo ni ọkọ mi ní tó báyìí. Ó ní kì í ṣe ìfarabalẹ̀.

Ó ní, “Kò gbọ́ ni. Etí rẹ̀ ti gbó. Ó ti di alágbẹ̀dẹ.”

Ijó kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré, kò ṣeré. Inú rẹ̀ dùn fún mi.

N kò gbà á gbọ́. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ iṣu, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é ní “ìwọ”, èmi tí n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ìwọ olórí bí odó yìí. Ó bu iṣu. Mo sún mọ́ ọn, mo bú ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wá bú ìran bàbá rẹ̀ ní irú èébú tí wọ́n lè torí rẹ̀ dá ìyàwó padà sílé lójú ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ sí igbá omi, ó mu ún. Ìgbà tó fẹ́ gbé igbá kalẹ̀ ló tó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé ó ti pẹ́ tí mo ti dúró síbẹ̀.

Mo kú sára. Ọkùnrin tó máa ń ti inú yàrá gbọ́ ohun tí mò ń kùn nídìí ọlọ, ó jókòó síbi tí ọwọ́ mi lè tó o, kò gbọ́ mi. Nígbà wo ló lọ? A jọ ń sùn, a jọ ń jí, èmi ni mò ń gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ tí n kò sì fura.

Mo ní oògùn ni yóò wò ó. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Lẹ́bàá ilé ìwé àwọn oníwàásù, bàbá kan wà tó ń fúnni lóògùn, Yorùbá bíi tiwa ni, irun funfun ti wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá Apòògùn là ń pè é. Mo fa ọkọ mi lọ síbẹ̀. Bàbá Apòògùn fi dígí kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn sínú etí rẹ̀, ó wò ó lọ́tùn-ún lósì. Ó ní kò sí èérí, kò sí ọyún, etí náà mọ́ tónítóní. Inú mi dùn. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Ó wá béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo ní alágbẹ̀dẹ ni. Ó rọra gbé dígí kalẹ̀. Ó yí síwájú ọkọ mi, ó bi í bóyá nǹkan máa ń han nínú etí rẹ̀ tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọkọ mi ní bí ìrẹ̀ ni, kì í sì dákẹ́ mọ́. Ó bi í bóyá ohùn ọkùnrin yé e ju ti obìnrin àti ọmọdé lọ. Ọkọ mi wò mí lójú kó tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Apòògùn yọ aago àpò rẹ̀, ó fi sí ọ̀kánkán etí ọkọ mi lókèèrè, ó ń sún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sókè tó bá ti gbọ́ ọ. Aago náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀ kí ọwọ́ tó gòkè. Èmi tí mo jókòó lórí àpótí lọ́hùn-ún ti ń gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Oògùn rẹ̀ kò sí, ìyàwó. Kò sí lọ́dọ̀ mi, kò sí lọ́dọ̀ òyìnbó. Èyí tó lọ ti lọ. Èyí tó kù ni kí ẹ ṣọ́.”

Inú bí mi sí bàbá náà. Mo nawọ́ sí gbogbo ìgò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kí wá ni gbogbo wọn wà fún. Kò bínú. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń yin ìbọn àgbá àti àwọn tó ń fọ́ òkúta lójú irin, òun kò sì rí ẹni tí tirẹ̀ padà. Ariwo ló ń jẹ etí díẹ̀díẹ̀, kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ariwo ń jẹ etí rẹ̀ kò fi ń mọ̀. Ohùn tó tínrín ló kọ́kọ́ ń lọ. Ó ní níbi tí ènìyàn bá ti ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí. Ó ní kí wọ́n ṣí àgbẹ̀dẹ náà sílẹ̀, kí wọ́n má máa lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa jáde síta kí etí sinmi. Ó fi òwú pọ òrí, ó rọ ọ́ rogodo, ó fi há ọkọ mi létí, ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣe nìyẹn kó tó gbé òòlù.

Ọkọ mi tijú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owú, òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ́rùn. Síbẹ̀ ó há òwú náà. Bàbá rẹ̀ rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ ọ́ létí rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sínú iná. Wọ́n ní ẹni tó bá di etí sí irin, Ògún ló ń kọ̀. Wọ́n ní bó bá di etí, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ tí irin bá sán nínú? Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ béèrè pé ta ló ń gbọ́ irin tó sán nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró yìí. Ìyàwó ilé kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá ọkọ. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo lọ.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mo lọ. Àwọn ni ìyá bàbá ọkọ mi, wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, wọn kì í jáde kúrò nínú yàrá wọn mọ́, ṣùgbọ́n bí adìẹ bá tẹ àgbàdo lẹ́yìnkùlé, wọ́n á gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo rò gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìdánwò, tí mo ní wọ́n yọ̀ nítorí pé kò gbọ́ oríkì rẹ̀, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n gbá ẹnu mú.

Wọ́n ní, “Pé kò gbọ́? Ta ló sọ pé kó má gbọ́? Kó gbọ́ kó má yíjú ni!”

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ọkọ wọn, tó dá àgbẹ̀dẹ náà sílẹ̀, wà láyé, ọmọṣẹ́ kan gbé òòlù sókè, ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn, ó yíjú wò ó. Òòlù balẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó fi ẹ̀mú di irin gbígbóná mú fún un. Ọwọ́ náà kò wúlò mọ́ títí onítọ̀hún fi kú. Ìdí nìyẹn tí baba náà fi dá ìdánwò sílẹ̀: ẹni tí kò bá lè gbọ́ oríkì ara rẹ̀ kó má yíjú, kò tíì tó ẹni à ń fi òòlù lé lọ́wọ́. Tó bá sì ti lu irin tán, wọn á bi í pé kí ni wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí kò bá lè sọ ọ́, wọn á ní kó kúrò nídìí owú kó lọ sinmi etí, kó máa fi ẹwìrì fẹ́ iná ní ọ̀nà jíjìn títí yóò fi máa gbọ́ran. Ogun ló gbé baba náà lọ. Àbúrò rẹ̀ tó ti ojú ogun bọ̀, tí ìbọn ti di etí rẹ̀, ló ń dán àwọn ọmọ wò lẹ́yìn rẹ̀. Òun kò lè gbọ́ èsì, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ etí ni wọ́n ti sọ di ohun tí wọ́n fi ń yọ̀ pé etí ti kú.

Ìyá Àgbà ní kí n gbé àwọn dìde. Mo dì wọ́n mú, a wọ inú àgbẹ̀dẹ níbi tí iná ti ń jó, níbi tí obìnrin kì í dúró sí. Òòlù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń rí wa. Ìyá Àgbà dúró síwájú ọmọ wọn, wọ́n di àgbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọdé ní àgbo, wọ́n sọ̀rọ̀ náà sí i lójú, díẹ̀díẹ̀, kó lè rí ẹnu wọn. Bàbá ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà bi Bàbá léèrè pé lọ́jọ́ tí wọ́n dán wọn wò, ṣé wọ́n gbọ́? Gbogbo wa ń wo Bàbá. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ketekete, ojú ló ń ti àwọn láti sọ nígbà tí gbogbo ilé ń yọ̀ pé etí àwọn ti gbó, nítorí náà àwọn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá wá jókòó sórí òkúta ìpọ́nrin. Wọ́n wo páànù. Wọ́n wo ọkọ mi.

Wọ́n ní, “Èmi ni mo di í létí.”

Ẹ̀rù ojú wọn bà mí ju ìbínú wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ náà parí, mo tilẹ̀ rò pé wọn kò ní ṣe nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Bàbá lórí òrùlé àgbẹ̀dẹ, wọ́n ń yọ páànù. Wọ́n wó ògiri. Wọ́n dá koríko padà sórí rẹ̀. Ilé ewúrẹ́ ni wọ́n fi páànù náà bò, tó fi jẹ́ pé ewúrẹ́ tiwa ló gbé ilé tó dára jù ní àdúgbò fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n pín àwọn tó ń lu irin sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Wọ́n ní kí n máa pọ òwú fún gbogbo àwọn tí etí wọn ṣì kù, ọwọ́ mi kì í sì í gbẹ fún òrí. Èyí tí Bàbá há sí etí ara wọn, kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Wọ́n há a síbẹ̀ kí ojú má baà ti àwọn ọmọ.

Mo bí àkọ́bí mi lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo ti rò pé òwú náà yóò mú etí ọkọ mi padà, láìka ohun tí Bàbá Apòògùn wí sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti odò dé, mo bá ọmọ lórí ẹní, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó kẹ̀yìn sí i díẹ̀, ó ń fi èèkù sí ọkọ́. Mo ju ìkòkò omi sílẹ̀, mo fẹ́ gbá a létí. Ó yíjú, ó rí ẹnu ọmọ tó là gbàgà. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lára ọkùnrin. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fi ọmọ tì í, ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan ara ọmọ náà, kó lè mọ̀ tó bá ń mira.

Ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó kọrin, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni bàbá rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n èyí tó kù létí ọkọ mi kò dínkù. Lọ́dọọdún ni Bàbá Apòògùn ń fi aago rẹ̀ wò ó, ibi tó wà ló wà. N kò mọ ohun tí à ń ṣọ́ ọ fún. Ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó ń ṣọ́ àjẹkù.

Nígbà tí ọmọ náà di ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko ní Olúpọ̀nnà mú un lọ fún ìkórè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó dé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ó ń pè mí pé ebi ń pa òun. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti ki, ó ti di ti ọkùnrin. Èmi àti ọkọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ó kẹ̀yìn sílé, ó ń dán àdá wò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé orí sókè, ó bi mí pé ọkùnrin wo ló wà nínú ilé wa.

Mo yí síwájú rẹ̀, mo ní, “Ọmọ yín ni.”

Mo ti fẹ́ pè é kó wá síwájú, kó wá dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi di aṣọ mi mú. Ó ní kí n má pè é. Ó ní kí n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ohunkóhun tó bá wù mí, kó ṣáà máa sọ̀rọ̀ kí òun lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀.